Kì í ṣe residency ti UCH o: ọ̀rọ̀ àwọn mẹ́rin tó ń ta fáyólìn ní yunifásítì

Fọ́tò kan ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Àbúrò mi ló fi sórí WhatsApp ẹbí wa. Ṣọ́ọ̀ṣì ló ti kọ́ fáyólìn níbí n'Ìbàdàn, nígbà tó yá ó bọ́ sórí viola, ó wá rí ilé ìwé orin kan wọ̀ ní Amẹ́ríkà. Nínú fọ́tò yẹn, òun àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ mẹ́ta jókòó, àgbàlagbà mẹ́rin dúró sẹ́yìn wọn, ó wá kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé quartet-in-residence ilé ìwé àwọn ló bá àwọn ṣiṣẹ́ lónìí, àti pé lọ́dún tó ń bọ̀, òun àtàwọn ọ̀rẹ́ òun náà fẹ́ gba fọ́ọ̀mù residency.

Ilé dàrú. Mọ́mì ló kọ́kọ́ fèsì, wọ́n ní "Ọkọ mi, ìgbà wo lo yí kọ́ọ̀sì ẹ sí dókítà?" Bàbá wa kan tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọsibítù náà dá sí i, wọ́n ní kó má fi residency ṣeré o, pé iṣẹ́ alágbára ni. Àǹtí wa tó wà ní Mókọ́lá ló wá pa gbogbo wa lẹ́rìn-ín, wọ́n ní "Àwọn àgbà mẹ́rin yìí, ṣé wọn ò nílé tara wọn ni tí wọ́n fi ń gbé inú ilé ìwé?"

Mo rẹ́rìn-ín o, àmọ́ kí n má purọ́, èmi náà ò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n. Àbúrò mi ni mo dà láàmú pẹ̀lú ìbéèrè lálaalẹ́ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì kó tó yé mi, mo tún lọ kà nípa ẹ̀. Ó wá dà bíi pé kò yé ọ̀pọ̀ èèyàn, torí náà ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ẹ̀ bó ṣe yé mi.

Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni wàhálà. N'Ìbàdàn tiwa yìí, tẹ́ ẹ bá wọ mícra láti Mókọ́lá lọ sí Sángo tẹ́ ẹ wá dárúkọ residency, dókítà ni gbogbo èrò ọkọ̀ máa rò, ẹ̀bi wọn kọ́, láti 1957 ni ọsibítù UCH ti ṣí, kò sí àdúgbò tí ò ní ọmọ tó ń ṣe residency níbẹ̀ tàbí tó ń wá ọ̀nà àtiṣe é. Ti dókítà rọrùn láti yé èèyàn: ẹni náà ti gboyè, ó ti sin ìlú tán, ó wá padà sí ọsibítù láti di àkọ́ṣẹ́mọṣẹ́ nínú ẹ̀ka kan, yálà iṣẹ́ abẹ ni o, yálà ti ọmọdé, àwọn kọ́ńsọ́táǹtì ń kọ́ ọ, ó sì ń gba owó oṣù bó ti ń kọ́ṣẹ́. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ ni wọ́n ń pè ní resident.

Tàwọn olórin wá dorí kodò. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tí wọ́n ń pè ní resident gan-an ni ọ̀gá. (Mo ní lọ́pọ̀ ìgbà, torí àwọn kan wà tí ò rí bẹ́ẹ̀, a máa débẹ̀.)

Ẹ wò ó báyìí. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí ọmọ yín kọ́ iṣẹ́ télọ̀, ẹ máa mú u lọ sí ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá kan ni. Ọ̀gá ò ní dúró síwájú pátákó kó máa kọ nǹkan. Aṣọ oníbàárà ló ń rán lọ, ọmọ ń wò ó, ó ń bá a lọ aṣọ, ó ń gbọ́ bó ṣe ń bá oníbàárà tó ní kí wọ́n dín owó kù fa ọ̀rọ̀, ó ń rí i nígbà tí ọ̀gá gan-an gé ọrùn aṣọ jù, ó sì ń rí bó ṣe tún un ṣe tí oníbàárà ò fi mọ̀. Èyí tó kẹ́yìn yẹn, kò sí ìwé tó lè kọ́ ọmọ. Ohun tí residency jẹ́ ni pé kàkà kí ilé ìwé kó ọmọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ilé ìwé bẹ ọ̀gá pé kó gbé ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ wá sínú ọgbà àwọn. Máṣìnnì, síkọ́ọ̀sì, oníbàárà, ariwo, gbogbo ẹ̀ pátá.

Nítorí náà, Àǹtí wa, wọ́n nílé. Ilé wọn ni wọ́n ti ń wá síbi iṣẹ́ bíi gbogbo èèyàn. "In residence" yẹn kàn túmọ̀ sí pé ibẹ̀ ni wọ́n fi ṣe ibùdó: ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe rìhásà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ ọmọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń gbéra tí òde bá yá tí wọ́n á sì padà sí. Àwọn òǹkọ̀wé náà ń ṣe irú ẹ̀, ẹ rántí Amos Tutuola, tó gbé n'Ìbàdàn títí tó fi kú síbí ní 1997, tí ò ka ìwé dé yunifásítì rárá. Yunifásítì Ifẹ̀ gbà á síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àlejò oníṣẹ́ ní 1979, ní 1983 ó tún wà ní yunifásítì Iowa ní Amẹ́ríkà lábẹ́ ètò wọn fáwọn òǹkọ̀wé. Kò lọ gba dìgírì. Wọ́n ní kó wá jẹ́ òǹkọ̀wé láàárín àwọn ni.

Ó yá, string quartet wá ńkọ́? Èèyàn mẹ́rin: fáyólìn méjì, viola kan, cello kan. Fáyólìn àti viola, èjìká ni wọ́n ń gbé e lé, àmọ́ viola tóbi díẹ̀, ohùn ẹ̀ sì wálẹ̀ jù ti fáyólìn lọ, ó dà bí ohùn obìnrin tó ti bímọ bí i mẹ́ta. Cello ni ńlá yẹn tí wọ́n ń fi sáàárín orúnkún, tó ní irin ṣóńṣó nísàlẹ̀ tó fi ń gúnlẹ̀. Okùn mẹ́rin mẹ́rin ló wà lára ìkọ̀ọ̀kan, irun ìrù ẹṣin tí wọ́n na mọ́ ara ọ̀pá ni wọ́n sì fi ń fà á kó lè dún. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún yín pé nǹkan àjèjì pátápátá ni, gòjé ńkọ́? Àwọn tó gbọ́ sákárà Yusuf Olatunji, Baba L'Ẹ̀gbá, ṣebí gòjé ló ń ké lábẹ́ orin wọn, okùn kan ṣoṣo, irun ẹṣin ni okùn ọ̀hún, irun ẹṣin náà ni wọ́n tún fi ń fà á. Tí mo bá sọ ọ́ báyìí àbúrò mi máa ń bínú, ó ní kì í ṣe nǹkan kan náà, mo mọ̀ pé kì í ṣe nǹkan kan náà, mo kàn ní bàbá wọn jọra ni.

Àwọn èèyàn sì máa ń rò pé fáyólìn kejì ni ẹni tí ò mọ̀ ọ́n ta tó ẹni àkọ́kọ́. Rárá o. Ẹ wo ẹgbẹ́ onídùndún, ìyáàlù ló ń sọ̀rọ̀, òun lẹ ń gbọ́ orúkọ yín lẹ́nu ẹ̀, òun lẹ ń náwó fún, àmọ́ ẹ yọ gúdúgúdú kúrò níbẹ̀ kẹ́ ẹ wá gbé ẹsẹ̀ wò. Bí fáyólìn kejì àti viola ṣe rí nìyẹn. Àwọn ni wọ́n ń gbé orin náà dúró láti inú, tí wọ́n bá ń ṣe é dáadáa ẹ ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀, tí wọ́n bá ṣe é ti ẹ̀gbẹ́ kan báyìí, orí máa bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ yín láìmọ ìdí.

Ohun tó wá mú kí quartet yàtọ̀ sí ọ̀kẹ́strà ni pé kò sẹ́ni tó dúró síwájú wọn tó ń ju ọ̀pá. Kò sí ọ̀gá. Báwo ni wọ́n ṣe wá ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà? Èémí ni. Ẹni tó máa ṣáájú á mí sínú, bó bá ṣe mí sí ni àwọn yòókù fi máa mọ bí orin náà ṣe máa yára tó, bó ṣe máa le tó tàbí kó rọ̀. Ẹ lọ wo fídíò èyíkéyìí, ẹ fetí sí ìṣẹ́jú àáyá tó ṣáájú ohùn àkọ́kọ́, ẹ máa gbọ́ ọ tó lọ "hìn" ní imú. Àbúrò mi ní oṣù mẹ́fà gbáko lòun fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń mí.

Tí ò bá sí ọ̀gá, ta ló wá ń pàṣẹ? Wọ́n máa ń jiyàn ni. Mẹ́rin sì ni wọ́n, ìyẹn ni pé tí wọ́n bá dìbò, ó lè já sí méjì sí méjì, kò sì sí alága tó máa bá wọn já a. Ẹ wá rò ó, èèyàn mẹ́rin, wákàtí mẹ́ta mẹ́rin lójúmọ́, nínú yàrá kan, ọdún lé ọdún, wọ́n jọ ń wọ ọkọ̀ òfúrufú, wọ́n jọ ń pín owó, wọ́n jọ ń jiyàn lórí bóyá ibi kékeré kan báyìí ó yẹ kó yára àbí kó falẹ̀. Ẹgbẹ́ kan wà tó ń jẹ́ Amadeus Quartet, London ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní 1947, mẹ́ta nínú wọn jẹ́ Júù tó sá wá láti Austria nítorí Hitler. Àwọn mẹ́rin kan náà ni wọ́n jọ wà títí di 1987 tí Peter Schidlof tó ń ta viola fi kú, bó ṣe kú báyìí, àwọn mẹ́ta tó kù tú ẹgbẹ́ ká, wọn ò wá ẹlòmíràn. Ogójì ọdún. Ìgbéyàwó mélòó lẹ mọ̀ tó tó bẹ́ẹ̀?

Orin tí wọ́n ń ta ńkọ́, ẹ jẹ́ n sáré kọjá níbẹ̀ torí n ò fẹ́ kẹ́ ẹ sùn. Haydn, ará Austria, tó gbé ayé láti 1732 sí 1809, ni wọ́n ń pè ní bàbá string quartet, èyí tó kọ lé ní 60. Mozart kọ mẹ́fà tó fi ta Haydn lọ́rẹ, 1785 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Beethoven kọ 16, àwọn tó kọ gbẹ̀yìn yẹn, etí ẹ̀ ti di pátápátá nígbà náà, òun fúnra ẹ̀ ò gbọ́ ọ rí àfi nínú orí ẹ̀, títí dòní olónìí àwọn yẹn ló ṣì le jù fún àwọn èèyàn láti ta. Ó tó báyìí.

Báwo ni irú ẹgbẹ́ báyìí ṣe wá dé inú yunifásítì? Ogun ni o. Ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Pro Arte, ìlú Brussels ní Belgium ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní 1912. Ní oṣù karùn-ún 1940 wọ́n wà ní Madison, ní ìpínlẹ̀ Wisconsin ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń ta gbogbo quartet Beethoven lọ́wọ́ fún àwọn ará ibẹ̀, ni ìròyìn bá dé lọ́jọ́ kẹwàá oṣù náà pé sójà Jámánì ti ya wọ Belgium. Òde lẹ lọ, wọ́n ní ogun ti gba ilé lẹ́yìn yín. Kò sí ibi tí wọ́n máa padà sí mọ́. Yunifásítì Wisconsin ló wá ní kí wọ́n dúró tì àwọn, kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ wọn níbẹ̀, kí wọ́n máa kọ́ àwọn ọmọ. Òun ni wọ́n kà sí irú residency bẹ́ẹ̀ àkọ́kọ́ ní yunifásítì ńlá ní Amẹ́ríkà. Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ti kú tipẹ́, àmọ́ bẹ́nì kan ṣe ń kúrò ni wọ́n ń fi ẹlòmíràn rọ́pò ẹ̀, orúkọ Pro Arte ṣì wà ní Madison títí di àkókò yìí, bí oyè ìdílé tí kì í kú.

Ọdún 1940 yẹn kan náà ni òmíràn ṣẹlẹ̀ ní Washington tó dùn mọ́ mi jù ú lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láíbìrì ni, kì í ṣe yunifásítì. Obìnrin olówó kan, Gertrude Clarke Whittall, ti fún Library of Congress ní fáyólìn mẹ́ta, viola kan àti cello kan tí Stradivari ará Italy fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe. Owó tí wọ́n ń ta irú ẹ̀, ẹ má bi mí. Wàhálà ibẹ̀ ni pé wọn kì í gbé àwọn nǹkan náà jáde kúrò ní láíbìrì, wọn ò sì gbọdọ̀ fi wọ́n sínú gíláàsì kí wọ́n máa wò wọ́n bí ère, torí pákó fáyólìn tí wọn ò bá ta, ohùn ẹ̀ máa ń sùn. Kí ni wọ́n ṣe? Nígbà tí fáyólìn ò lè lọ bá olórin, wọ́n mú olórin wá bá fáyólìn. Budapest Quartet ló débẹ̀ ní 1940, wọ́n wà níbẹ̀ títí di 1962, Juilliard Quartet ló gba ipò lọ́wọ́ wọn. (Budapest ni wọ́n ń jẹ́ o, àmọ́ nígbà yẹn ilẹ̀ Rọ́ṣíà àtijọ́ ni wọ́n ti bí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Orúkọ ọ̀hún kàn lẹ̀ mọ́ wọn ni.)

Láti ìgbà yẹn ó di nǹkan tí gbogbo ilé ìwé ńlá ń fẹ́. Ilé ìwé orin Juilliard ní New York dá tiẹ̀ sílẹ̀ fúnra ẹ̀ ní 1946. Takács Quartet tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Budapest gidi ní 1975, yunifásítì Colorado ní Boulder ni wọ́n fi ṣe ilé báyìí. Emerson Quartet wà ní yunifásítì Stony Brook láti 2002, wọ́n sì ta òde ìkẹyìn wọn ní 2023.

Wàyí o, ibi tó ti ń dojú rú mọ́ èèyàn lọ́wọ́ jù nìyí, orúkọ kan náà ni wọ́n fi ń pe nǹkan mẹ́ta tí ò jọra wọn. Ó lè jẹ́ àwọn tí yunifásítì gbà síṣẹ́ pátápátá bíi lẹ́kíṣọ̀, tó jẹ́ pé olúkúlùkù wọn ní ọ́fíìsì, ó ní owó oṣù, àwọn kan nínú wọn jẹ́ purofẹ́sọ̀ pàápàá, wọ́n á lo ogún ọdún síbẹ̀. Ó sì lè jẹ́ àwọn tó wá fún ọ̀sẹ̀ kan, tàbí tó ń wá lẹ́ẹ̀mẹta mẹ́rin lọ́dún, wọ́n á kọ́ ọmọ, wọ́n á ṣe kọ́ńsáàtì, wọ́n á gba owó wọn, wọ́n á lọ, ìyẹn náà wọ́n á gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn ilé ìwé pé residency. Ẹ̀kẹta ló wá jọ ti UCH: àwọn ọmọ mẹ́rin tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n ta, tí wọ́n ti gba dìgírì kan ó kéré tán, tí wọ́n sì ti fẹ́ra wọn sílé gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́, ilé ìwé á gba àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọlé pa pọ̀, á fún wọn ní sikọ́láṣíìpù, nígbà míì pẹ̀lú owó ìjẹun, quartet àgbà tó wà níbẹ̀ á máa tọ́ wọn sọ́nà, àwọn náà á sì máa kọ́ àwọn tó kéré jù wọ́n lọ. Juilliard ní irú ẹ̀. Eléyìí ni àbúrò mi fẹ́ gba fọ́ọ̀mù ẹ̀. Ìyẹn ni pé Bàbá wa tó ti ọsibítù sọ̀rọ̀ ò tiẹ̀ jẹ̀bi tó bí mo ṣe kọ́kọ́ rò, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ṣàfihàn ibí yìí fún wọn.

Kí ni wọ́n wá ń ṣe gan-an látàárọ̀ dalẹ́? Kọ́ńsáàtì ni gbogbo ayé ń rí, àmọ́ tẹ́ ẹ bá bi mí, kọ́ńsáàtì ló kéré jù níbẹ̀. Èèyàn lè ra tíkẹ́ẹ̀tì wo kọ́ńsáàtì níbikíbi. Masterclass náà wà, ìyẹn ni pé àwọn ọmọ á ta níwájú èrò, ọ̀gá á dá wọn dúró, á ní "ẹ tún ibẹ̀ ta", á tún wọn ṣe lójú gbogbo èèyàn, ó dára, ó sì máa ń dùn wò, àmọ́ ó dà bí ìgbà tí wọ́n ń tún ẹ̀kọ́ ilé ṣe fún ọmọ láàárín ọjà, ojú tì í jù láti gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Ojúlówó ẹ̀ ni ìgbà tí àwọn ọmọ mẹ́rin àti ẹnì kan nínú àwọn àgbà náà bá wọ yàrá lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ tí wọ́n sì ti ìlẹ̀kùn. Àbúrò mi ní lọ́jọ́ kan, ìyá tó ń ta cello nínú wọn ní kí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbé ohun èlò sílẹ̀ kí wọ́n fẹnu kọ ọ́, àwọn tí ò lè kọrin, wọ́n kọ ọ́, ibi tí olúkúlùkù ti mí, ibẹ̀ ni ìyá yẹn ní kí wọ́n ti gbé ọ̀pá wọn sókè. Lọ́jọ́ míì ó ní kí wọ́n yí àga wọn padà kí wọ́n kẹ̀yìn síra wọn, pé kí wọ́n fi etí wá ara wọn, ojú ni wọ́n gbára lé jù.

Èyí tó wá gbà mí lọ́kàn jù ni rìhásà gbangba. Àwọn quartet àgbà náà á ṣí ìlẹ̀kùn sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń múra òde tiwọn, ọmọ tó bá fẹ́ á wá jókòó sí kọ̀rọ̀. Àbúrò mi bá mi tọrọ àyè, ó gbé fóònù ẹ̀ sí orí àga kí n lè bá wọn wò ó láti Bódìjà níbí. Mo rò pé màá gbọ́ orin. Orin kọ́! Wọ́n ta nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, wọ́n dúró. Ẹni tó ń ta viola ní fáyólìn àkọ́kọ́ ń sáré. Fáyólìn àkọ́kọ́ ní òun ò sáré, viola ló ń wọ́lẹ̀. Wọ́n tún un ta. Ọkùnrin fáyólìn kejì ní àwọn méjèèjì ló tọ̀nà, cello ló ń jẹ́ kó dà bẹ́ẹ̀. Cello fi ọ̀pá ẹ̀ kan ìwé orin, ó ní "ó yá, kí èmi fi ṣáájú, ẹ tẹ̀lé mi kẹ́ ẹ wá gbọ́ ọ". Wọ́n ta á bẹ́ẹ̀, ó burú, gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, wọ́n mú àbá míì. Kò sẹ́ni tó bú ẹnikẹ́ni, kò sẹ́ni tó sì gbà fún ẹnikẹ́ni láìtíì gbìyànjú ẹ̀ wò. Ìgbà tí data mi fi tán wọn ò tíì kúrò ní ojú ìwé yẹn. Ẹ̀yin ẹ wo ọmọ ogún ọdún tó jókòó sí kọ̀rọ̀ yẹn tó rí i pé àwọn tó ti jọ ń ta á láti ọgbọ̀n ọdún náà ṣì ń ṣì í, wọ́n sì mọ bí wọ́n ṣe ń sọ fún ara wọn. Ṣọ́ọ̀bù tí mò ń wí nìyẹn.

Àwọn tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ orin sílẹ̀ náà ń jẹ nínú ẹ̀. Ọmọ á kọ orin sórí kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà á ta á fún un, gbogbo ẹ̀ á dún dáadáa torí ìka kì í ro kọ̀ǹpútà. Ó máa wá gbé e fún quartet náà, viola á wò ó, á ní "nóòtì méjì yìí, orí okùn kan náà ni wọ́n wà, mi ò lè ta wọ́n pa pọ̀ àfi tí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í bí okùn míì". Ẹ̀kọ́ ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn ju lẹ́kíṣọ̀ odidi tẹ́ọ̀mù lọ. Àti pé àwọn quartet tó wà lóde òní ò dúró sórí Beethoven nìkan. Kronos Quartet, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1973, gbé àwo Pieces of Africa jáde ní 1992, orin àwọn ọmọ Áfíríkà ló wà nínú ẹ̀, Obo Addy ará Ghana wà lára wọn.

Ọ̀rọ̀ owó: ṣé ẹ rí i, owó òde kọ̀ọ̀kan, ọ̀nà mẹ́rin ló ń pín sí, kí wọ́n tó pín in, ọkọ̀ òfúrufú èèyàn mẹ́rin ti jẹ nínú ẹ̀, hòtẹ́ẹ̀lì èèyàn mẹ́rin ti jẹ nínú ẹ̀, tíkẹ́ẹ̀tì karùn-ún sì tún wà. Ta ló ni karùn-ún? Cello ni. Wọn kì í jù ú sí ìsàlẹ̀ pẹ̀lú báàgì, torí ó lè fọ́, àga ni wọ́n ń rà fún un, wọ́n á dè é ní bẹ́líìtì, á jókòó létí fèrèsé bí ọmọ Bàbá Olówó, wọn ò sì ní fún un lóúnjẹ. Torí náà quartet tó bá gbẹ́kẹ̀ lé òde nìkan, ebi á máa fojú sùn ún. Owó oṣù yunifásítì ló ń jẹ́ kí wọ́n lè fọkàn balẹ̀ ṣe rìhásà tí ò mú owó wá. Ilé ìwé náà kì í ṣe àánú, orúkọ ẹgbẹ́ yẹn ló ń fa àwọn ọmọ tó mọ̀ ọ́n ta wá, níbikíbi tí wọ́n bá sì ti ta, wọ́n á kọ orúkọ yunifásítì sábẹ́ orúkọ wọn.

Àwọn kan ti bi mí bóyá ó lè ṣẹlẹ̀ n'Ìbàdàn níbí. Èmi ò rí ohun tí ò lè jẹ́ kó ṣẹlẹ̀, n ò sì gbà pé ó dìgbà tí Takács bá wá kó ẹrù wọn sí Agbowó. Yunifásítì ti wà níbí láti 1948, gbọ̀ngàn Trenchard Hall wà níbẹ̀. Fela Sowande tí wọ́n bí sí Ọ̀yọ́ ní 1905, tó kọ African Suite fún àwọn ohun èlò olókùn ní 1944, ṣiṣẹ́ ní UI níbí ní àwọn ọdún 1960. Akin Euba kọ string quartet ní 1957, ọmọ ọdún méjìlélógún péré. Ìyẹn ni pé orin wà nílẹ̀ tí a lè fi bẹ̀rẹ̀, tiwa-n-tiwa. Nǹkan kan sì wà tí fáyólìn lè ṣe tí dùùrù òyìnbó ò lè ṣe láéláé: kò sí ìlà lára ọrùn ẹ̀, ìka lè yọ̀ láti ohùn ìsàlẹ̀ bọ́ sí tòkè láìfò, bí awo ìyáàlù ṣe ń ṣe nígbà tí onílù bá fún ọṣán ẹ̀. Dùùrù máa ń fò ni, nóòtì kan sí òmíràn. Fáyólìn lè sọ Yorùbá. Ẹ fi àwọn mẹ́rin tó mọ̀ ọ́n ta jókòó ti onídùndún kan fún ọ̀sẹ̀ kan péré, ẹ ṣílẹ̀kùn kí àwọn ọmọ wá wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń bá ara wọn jiyàn, residency ti dé nìyẹn, kò dìgbà tá a bá pariwo.

Wàhálà gidi tó wà níbẹ̀ ni ojú ọjọ́. Tọ́yẹ́ bá dé, pákó á sún kì, èèkàn kékeré tí wọ́n fi ń fún okùn á máa tú fúnra ẹ̀ láàárín orin, ara cello lè sán. Tójò bá dé, pákó á wú, èèkàn yẹn kan náà á há, kò ní yí mọ́. Àwọn tó ń ta á ní ṣọ́ọ̀ṣì mọ̀ ọ́n, wọ́n máa ń fi aṣọ tútù sínú àpótí ẹ̀ lásìkò ọyẹ́. Ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe dáadáa nílùú ò sì pọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣètò owó irú nǹkan báyìí, kó kọ́kọ́ ronú nípa ẹni tó máa tún pákó ṣe kó tó ronú nípa aṣọ ẹbí ọjọ́ kọ́ńsáàtì.

Tọ́mọ yín bá wá pè yín láti ilé ìwé orin kan pé àwọn ní residency fóun, ẹ má tíì se ìrẹsì. Ẹ bi í pé ṣé òun àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ni wọ́n gbà àbí àwọn àgbà kan ló wá kọ́ wọn, ẹ bi í pé ọ̀sẹ̀ mélòó tàbí ọdún mélòó, pé ṣé sikọ́láṣíìpù nìkan ni àbí pẹ̀lú owó ìjẹun, pé wákàtí mélòó ni ẹni àgbà máa lò pẹ̀lú wọn lọ́sẹ̀, torí ibòmíràn wà tó jẹ́ orúkọ lásán, tí ọmọ ò ní rí wọn ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ lọ́dún. Kẹ́ ẹ sì bi í pé tí ẹnì kan nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá fẹ́ kúrò nínú ẹgbẹ́, kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí àwọn mẹ́ta tó kù, torí ẹgbẹ́ ni wọ́n gbà, kì í ṣe ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Mo ka gbogbo èyí fún ilé lórí voice note, ó gùn, mo gbà. Àbúrò mi ní mo gbìyànjú. Mọ́mì ní àwọn ti gbọ́, pé kí Olúwa ṣọ́nà fún wọn, pé ṣé aṣọ òtútù tí àwọn fi ránṣẹ́ ti dé. Àǹtí wa tó wà ní Mókọ́lá ló dákẹ́ títí di alẹ́, kí wọ́n tó wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Ẹ jẹ́ kó yé mi dáadáa. Wọ́n ń fi àwọn mẹ́rin sínú yàrá kan, wọ́n ń jiyàn látàárọ̀, wọ́n sì ń gba owó oṣù? Ẹ wá bá mi gba fọ́ọ̀mù fún èmi àti ìyàwó ilé wa."